Mo Gbé Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi Kọ́ Sódì, Mo Tún Fi Orúkọ Ara Mi Sí I

Ẹ̀yin òǹkàwé, bó bá jẹ́ ìtàn ẹni tí ayé ṣe, tí àwọn ọ̀tá dìtẹ̀ mọ́, lẹ fẹ́ kà, ẹ ṣí ojú ìwé mìíràn. Ayé ò ṣe mí. Ọ̀tá kankan ò yọjú sí mi. Àfọwọ́fà ni tèmi, mo sì fà á pẹ̀lú ìtara tí mi ò fi ṣe nǹkan gidi kan rí.

Ayàwòrán ni mí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ya òdòdó inú ìgò. Ìgò kan náà ni o. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mo máa ń sún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí wọ́n má baà ní iṣẹ́ mi ò tẹ̀ síwájú.

Àwa mẹ́sàn-án la wà nínú ẹgbẹ́ ayàwòrán àdúgbò wa. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà níbẹ̀, ológbò nìkan ló ń yà. Awakọ̀ kan wà, ọkọ̀ ara rẹ̀ ló ń yà, kò sì síbi tí ọkọ̀ náà ti họ nínú àwòrán. Èmi ni akọ̀wé. Bí ìpàtẹ bá kù sí dẹ̀dẹ̀, èmi ni mo ń gba àwòrán lọ́wọ́ àwọn èèyàn, èmi náà ni mo ń kọ káàdì kékeré tí a ń lẹ̀ mọ́ ògiri lábẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan: orúkọ iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe é. Ohun tí mo bá kọ síbẹ̀ ni aráyé máa gbà gbọ́. Ẹ wo ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún.

Òfin kan wà tí gbogbo wa ń pa mọ́: a kì í kọ orúkọ sí àwòrán nílé. Lọ́jọ́ tí ìpàtẹ bá ṣí, kálukú máa dúró níwájú iṣẹ́ rẹ̀, á mú bùrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, á kọ orúkọ rẹ̀ sí igun rẹ̀ lójú gbogbo àlejò. Alága wa ló dá a sílẹ̀, lọ́dún tí ẹnì kan lọ ra àwòrán lọ́jà tó sì gbé e wá bíi tirẹ̀. Alága ní òfin yìí ò ní jẹ́ kí olè ráyè láàárín wa mọ́ láéláé. Ẹ máa bá mi bọ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan, ọmọ ìyá mi, ọdún mẹ́rin ló fi jù mí lọ. Aránṣọ ni. Bó bá ti bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á tẹ́ ìwé ìròyìn àtijọ́ sórí tábìlì tó fi ń lọṣọ, á máa yàwòrán. Kò pe ara rẹ̀ ní ayàwòrán rí, kò sì gbé nǹkan kan wá sí ìpàtẹ wa rí. Ó ní eré lòun ń ṣe.

Láti bí ọdún méjì, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó dé orí pé kó máa bẹ àwọn oníbàárà kí wọ́n bá òun ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Dókítà wò ó, ó ní awọ funfun ti bo ojú méjèèjì, pé àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ṣùgbọ́n òun ò ní ṣèlérí.

Ìgbà yẹn ló wá bá mi. Ó gbé àwòrán kan tó fi aṣọ ibùsùn wé wá sílé mi. Oṣù mẹ́jọ ló ti ń yà á.

Ó ní, “Mi ò mọ bí ojú yìí ṣe máa rí tí wọ́n bá ṣe é tán. Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn rí ọ̀kan ṣoṣo nínú ohun tí mo rí, kí orúkọ mi sì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, èyí tó bá wu Ọlọ́run kó ṣe.”

Iṣẹ́ abẹ ojú àkọ́kọ́ bọ́ sí ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìpàtẹ. Ó ní bí òun bá lè dìde, òun máa wá kọ orúkọ òun fúnra òun. Bí òun ò bá lè wá, kí n bá òun kọ ọ́. Mo ní ṣé irú ìyẹn tún jẹ́ ohun tó yẹ kó máa bẹ̀ mí sí ni. Mo gbá a mọ́ra. Inú mi mọ́ lọ́jọ́ yẹn, ẹ má ṣiyèméjì. Ìwà burúkú mi ò tíì jí ni.

Gbọ̀ngàn iṣẹ́ ọnà àdúgbò wa, ilé ìkẹ́rù ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní funfun, wọ́n to àga rọ́bà síbẹ̀, wọ́n so fáànù mẹ́ta mọ́ àjà, ọ̀kan nínú wọn ń yí. Káfíńtà kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ló ń bá wa kan ìṣó, tó ń gbé àwòrán kọ́. Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ yẹn, mo tú aṣọ ibùsùn náà, mo wo iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ orí mi ò mọ ìdí. Búlúù ńlá kan wà lápá kan. Funfun wúruwùru wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nǹkan dúdú roboto méjì wà láàárín funfun, àwọ̀ bíi ti ilẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, yẹ́lò kan sì wà ní òdìkejì. Gbogbo rẹ̀ rí bàìbàì. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹni tí ò ríran ló yà á, kí lẹ tún fẹ́ kó rí?

Káfíńtà, tí kò mọ ẹni tó ni ín, bi mí pé apá wo ni òkè, kí òun lè mọ ibi tí òun máa so wáyà sí. Fóònù mi wà lápò. Ẹ̀gbọ́n mi wà nílé, ó ń di ẹrù ọsibítù. Ìbéèrè ìṣẹ́jú kan ni.

Mo ní, “Búlúù ni sánmà. Níbo ni wọ́n máa ń gbé sánmà sí níbi tẹ́ ẹ ti wá?”

Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo rán an létí iye ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ó so wáyà.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn náà ni Alága mú àlejò kan wọlé, aláríwísí kan tó máa ń kọ̀wé nípa àwòrán nínú ìwé ìròyìn. Ó ń wá iṣẹ́ kan ṣoṣo tó máa gbé lọ sí ìpàtẹ ńlá ní olú ìlú. Ó wo ológbò, ó ní hùn-ún. Ó wo ọkọ̀ awakọ̀ wa, ó ní hùn-ún. Ó dé iwájú òdòdó mi, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Ó wá dé iwájú ti ẹ̀gbọ́n mi, ó dúró. Ó sún sẹ́yìn. Ó sún mọ́ ọn. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀.

Ó ní, “Ta ló ya èyí?”

Mo mọ ìdáhùn. Kò sí ìbéèrè tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n káàdì òfìfo wà lọ́wọ́ mi, bírò wà lọ́wọ́ kejì. Ẹ̀yin náà ẹ gbìyànjú kí ẹ fi ọdún mọ́kànlá pàtẹ iṣẹ́, kó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo tí àlejò máa ń bi yín ni ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Mo ní, “Èmi ni, sà.”

Ó jáde wẹ́rẹ́. Kò há mi lọ́fun rárá.

Ó bi mí pé kí ni mo pè é. Mo wo yẹ́lò tó wà nísàlẹ̀, mo ní “Ìrọ̀lẹ́ Lórí Òkè” ni. Ó ní òun mọ̀, pé láti ẹnu ọ̀nà lòun ti rí oòrùn tó ń wọ̀. Ó ní òun máa wá gbé e ní ọjọ́ ìpàtẹ, bí mo bá ti kọ orúkọ sí i tán. Alága ń wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí, ó sì ní kí káfíńtà gbé e lọ sí ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Ẹnì kan, àwòrán kan, ni ìlànà wa. Mo yọ òdòdó mi kúrò, mo tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn. Káfíńtà ní ti ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, ṣebí mo ní ó máa gbé iṣẹ́ wá lọ́dún yìí. Mo ní kò lè parí rẹ̀ mọ́, ojú ò jẹ́. Mo tiẹ̀ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà mo jókòó, mo fi ọwọ́ tó dára jù tí mo ní kọ káàdì.

Irọ́ kan ò kúkú dá gbé rí, ó máa ń ránṣẹ́ pe ẹbí rẹ̀ ni. Aláríwísí pè mí lórí fóònù, ó ní ọgbọ́n wo ni mo dá tí gbogbo rẹ̀ fi rí bàìbàì lọ́nà tó fani mọ́ra bẹ́ẹ̀. Mo ní mo máa ń di ojú kan tí mo bá ń yàwòrán. Ó ní kí n tún un sọ, òun ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Wọ́n ṣe ojú ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ kí i lọ́sibítù lọ́jọ́ kejì. Báńdéèjì wà lójú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní ṣé wọ́n gbé àwòrán òun síbi téèyàn ti lè rí i.

Mo ní, “Ògiri tó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.”

Òtítọ́ ni, àbí irọ́ ni? Ó bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó ní ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lójú ò gbọdọ̀ sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹkún ayọ̀ ni. Ó tún fà mí mọ́ra, ó ní, “Ṣé o rí ara rẹ níbẹ̀?” Mo ní mo rí i. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àgbà ló ń sọ. Mo wá gbà á níyànjú, nítorí ìlera rẹ̀ ni o, pé kó má ṣe jáde títí ọ̀sẹ̀ á fi parí, eruku pọ̀ níta. Mo sì ti ṣètò irọ́ tó kù sílẹ̀: bí aláríwísí bá gbé iṣẹ́ náà lọ tán, mo máa sọ fún un pé òrùlé gbọ̀ngàn ló jò sórí tirẹ̀. Mo tiẹ̀ ti ń dárò àwòrán náà nínú ọkàn mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, ìwé ìròyìn jáde. Aláríwísí ti kọ ojú ìwé odindi nípa òkè tó dá wà àti oòrùn tó ń wọ̀. Mo ra mẹ́ta. Ẹ̀rí ọkàn gùn mí díẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo ti ṣe irun.

Gbọ̀ngàn kún. Alága ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú ń kọ orúkọ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi ni wọ́n pè kẹ́yìn, nítorí èmi ni wọ́n tìtorí rẹ̀ wá. Mo dúró níwájú àwòrán náà, mo sọ̀rọ̀. Mo ní òkè yẹn ni ayé. Mo ní òkúta dúdú méjì tó so rọ̀ sábẹ́ ìkúukùu ni ìpinnu tí ọmọ ènìyàn ń sá fún. Obìnrin kan níwájú ń mi orí, ó ń nu ojú. Mo ki bùrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà dúdú, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ mi sí igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún, gàdàgbà gàdàgbà.

Lẹ́tà méjì ló kù kí n parí nígbà tí ẹnì kan sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò pariwo.

Ó ní, “Àwòrán yẹn dorí kodò.”

Mo mọ ohùn náà kí n tó yíjú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Láàárọ̀ yẹn ni wọ́n tú báńdéèjì rẹ̀, ó sì ti bọ́ sójú ọ̀nà tààrà, ó wọ jígí dúdú, káfíńtà tó pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì fún un ní apá dì mú. Ó ti mú bùrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ dání.

Gbogbo orí yíjú sẹ́yìn. Aláríwísí rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí wọ́n fi ń dá ọmọdé lóhùn. Ó ní nínú iṣẹ́ ọnà, mà, òkè àti ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú lásán, pé ó gba òye. Alága ní ta ni ìyá yìí.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ dúró níbí. Ìgbà tí mo lè fi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe nìyẹn. Wọ́n fún mi ní àyè tó gbà mí kọjá, ẹ̀gbọ́n mi pàápàá ń wò mí, ó ń dúró kí n sọ pé àṣìṣe ni.

Mo ní, “Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un ni, kò tíì lè ríran dáadáa.”

Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Ẹnì kan gbé àga fún un.

Kò jókòó. Ó rìn wá síwájú, ó bọ́ jígí dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ògiri. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ka lẹ́tà kékeré kẹ́yìn. Káàdì mi ló kọ́kọ́ fi ojú tuntun rẹ̀ kà. Ó kà á jẹ́jẹ́, ètè rẹ̀ ń mì. Ó wo bùrọ́ọ̀ṣì ọwọ́ mi.

Ó ní kí káfíńtà dákun bá òun yí i. Káfíńtà ò wojú Alága, kò wojú mi. Ó gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri, ó yí i, ó gbé e dání sí àyà rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì tó ń ya ológbò ló kọ́kọ́ la ẹnu.

Ó ní, “Ìyá kan ló ń wẹ àwọn ọmọ rẹ̀.”

Ó rí bẹ́ẹ̀, gbogbo wa sì rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Búlúù kì í ṣe sánmà, báfù onírọ́bà tí wọ́n fi ń wẹ̀ wá ni. Funfun jẹ́ ọṣẹ tó ń hó. Òkè tó dá wà, apá ìyá wa àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó tẹ̀ ba. Oòrùn tó ń wọ̀, sìkáàfù yẹ́lò rẹ̀ ni. Ìpinnu méjì tí ọmọ ènìyàn ń sá fún jẹ́ orí ọmọbìnrin méjì nínú omi. Èyí tó dàgbà fi ọwọ́ gbá ọrùn èyí tó kéré mú kó má baà yọ̀ bọ́ sínú omi, èyí tó kéré la ẹnu gbàgà, ó ń ké. Èmi nìyẹn. Ìyá wa ti kú láti ọdún méjìlá, mo sì ti dúró níwájú ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ láti ọjọ́ mẹ́rin, mò ń pè é ní ìrọ̀lẹ́.

Orúkọ mi wà lókè báyìí, ó dorí kodò, kò tíì gbẹ, ọ̀dà dúdú rẹ̀ sì ń ṣàn bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sórí sìkáàfù náà.

Aláríwísí tún bi mí ní ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn, pé ta ló ya èyí. Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn.

Ó ní, “Ẹ bi akọ̀wé. Òun ló ń kọ káàdì.”

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n ní kí n sọ ọ́ sókè. Mo sọ ọ́ sókè.

Aláríwísí ká ìwé ìròyìn rẹ̀ sínú àpò, ó ní òun ti ń fura láti ìbẹ̀rẹ̀. Alága náà ní òun ti ń fura. Obìnrin tó ń nu ojú lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan kan ti sọ fún òun. Ẹgbẹ́ wa ò mọ̀ pé a ní wòlíì tó báyìí.

Alága sáré mú àkísà wá, ó fi kẹrosínì rin ín, ó ní kí wọ́n nu orúkọ mi kúrò kí ẹ̀gbọ́n mi lè kọ tirẹ̀. Aláríwísí ní òun ṣì máa gbé e lọ sí olú ìlú, pé ó tiẹ̀ dára jù báyìí. Ẹ̀gbọ́n mi wo ibi tí ọ̀dà dúdú dé.

Ó ní, “Bí ẹ bá nù ún, ẹ máa nu orí ìyá wa mọ́ ọn. Ẹ fi sílẹ̀.”

Kò kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Ó ní òun ò lè fi orúkọ òun sábẹ́ èyí tó wà níbẹ̀. Ó fi aṣọ ibùsùn wé e, káfíńtà bá a gbé e, wọ́n jáde. Iṣẹ́ oṣù mẹ́jọ, kò pẹ́ tó wákàtí kan tí àwọn èèyàn fi rí i pẹ̀lú òkè rẹ̀ lókè, kò sì sẹ́ni tó kà á lára rẹ̀ pé òun ló yà á.

Wọ́n yọ mí nípò akọ̀wé. Awakọ̀ ló ń kọ káàdì báyìí. Olóòtú ìwé ìròyìn tí ẹ ń kà yìí ní kí n má gbàgbé ẹ̀kọ́ inú ìtàn mi. Ẹ gbà: ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Bí ẹ bá sì máa jí iṣẹ́ ayàwòrán, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ibi tí òkè wà. Inú mi ì bá dùn ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà parí sí, kí n lè máa fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ títí láé. Ó ń dùn mí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo lọ sílé rẹ̀ ní ìgbà méje láti bẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ò ṣí.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n ṣe ojú kejì. Ẹnu aládùúgbò ni mo ti gbọ́. Káfíńtà ló mú un lọ. Mo se ọbẹ̀, mo bu ú sínú abọ́ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ tutù, mo wá a dé wọ́ọ̀dù. Ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, báńdéèjì wà lójú tuntun, ojú àkọ́kọ́ là kedere. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kò sí lẹ́tà tí kò lè kà lára ògiri.

Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, ìwọ ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí.

Ó ní, “Ẹ káàbọ̀, mà. Ta lẹ wá kí?”

Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá kí.

Ó rò ó díẹ̀, ó ní bóyá wọ́ọ̀dù kejì ni.